Akèrègbè Irúgbìn Salámátù

Tí wọ́n bá ní èèyàn ti lọ sókè òkun, ohun tó máa ń wá sí yín lọ́kàn ni yìnyín, kóòtù gígùn, àti fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá kan. Èmi náà lọ sókè òkun. Kò kàn sí òkun lọ́nà ibẹ̀ ni. Orílẹ̀-èdè Nìjẹ ni mo lọ, lókè Sókótó lọ́hùn-ún, níbi tí iyanrìn ti pọ̀ ju èèyàn lọ, ọdún mẹ́ta gbáko ni mo sì lò níbẹ̀.

Màmá mi ní Ilare, nílé wa ní Ilé-Ifẹ̀, kò lè sọ Nìjẹ lẹ́nu fún àwọn ẹgbẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá tó ń jókòó tì í, ọmọ rẹ̀ wà ní Kánádà, ti ẹnì kejì ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí màmá mi sọ fún wọn ni pé, "Ọmọ tèmi wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń sọ Faransé." Kò purọ́. Àwọn ló fúnra wọn gbé mi lọ sí Párìsì. Ìgbà tí mo fi fọ́tò èmi àti ràkúnmí kan ránṣẹ́ sí i, kíá ló pè mí.

"Má fi ràkúnmí ránṣẹ́ mọ́ o. Ṣé kò sí mọ́tò níbẹ̀ ni?"

"Màmá, ó wà."

"Dúró ti mọ́tò, kí o ya fọ́tò."

Àwa ará Ifẹ̀ sì ní àìsàn kan. Nítorí wọ́n ní ọ̀dọ̀ wa ni ojúmọ́ ti ń mọ́ wá, a gbà pé kò síbi tí a dé láyé tí a jẹ́ àlejò. Àwọn èèyàn yòókù ló kàn jáde nílé láàárọ̀ tí wọn ò tíì padà wálé. Ojú yẹn ni mo fi wo àwọn ará Nìjẹ nígbà tí mo dé. Ọ̀sẹ̀ kan ò pé tí ooru fi gba ìgbéraga náà lára mi. Ooru ibẹ̀ kì í ṣe èyí tí èèyàn ń fi ìwé fẹ́. Omi tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ lọ́sàn-án, ẹ lè fi tẹ ẹ̀bà, tí ẹ bá rí gààrí. Mi ò rí gààrí. Mo rí iṣu lẹ́ẹ̀kan lọ́jà, ó hun jọ bí apá arúgbó, iye tí wọ́n dá lé e mú mi rẹ́rìn-ín títí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ kan ló gbà mí. Iṣẹ́ wọn ni láti wá irúgbìn tó lè fara da ọ̀dá, kí àwọn àgbẹ̀ olóko kékeré tó wà ní ilẹ̀ gbígbẹ lè máa rí oúnjẹ jẹ. Iṣẹ́ rere ni, mi ò ní bú u. Ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ ni kí ẹ wò. Mo gboyè nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì ilé wa. Mo mọ kòkó, mo mọ iṣu, mo mọ ẹ̀gẹ́. Jéró kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ni èyí tí wọ́n fi ń ṣe fùrá ní Sábó. Mi ò rí i lórí ìdúró rí. Èmi yìí ni wọ́n ní kí n lọ kọ́ àwọn tí baba ńlá wọn ti ń gbin jéró bí wọn yóò ṣe máa gbin jéró. Mo sì lọ! Mo dé fìlà iléeṣẹ́, mo kó bébà dání, mo ń da ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Àwọn àgbà ọkùnrin jókòó sórí ẹní, wọ́n ń mi orí, wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó ń ka ìwé Bíbélì sókè lọ́jọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì.

Yàrá kan wà níléeṣẹ́ náà tí a ń pè ní Ilé Tútù. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó irúgbìn ìlú gbogbo pamọ́ sí kó má baà parun láyé. Ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ kì í sinmi, iná kì í lọ níbẹ̀ rárá. Kádígàn ni àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń wọ̀. Níta, àgbẹ̀ tó ni irúgbìn ń làágùn. Nínú, irúgbìn ń gbọ̀n. Ìgbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún màmá mi, ó ní, "Ọkà wà nínú ẹ́sì, ìwọ wà nínú oòrùn. Ta ni wọ́n wá gbà síṣẹ́ nínú yín?"

Ẹnì kan ṣoṣo tí ọkàn mi balẹ̀ sí ni Sání, dírẹ́bà wa. Ọmọ Nìjẹ ni, ó ti ju ẹni àádọ́ta ọdún lọ, ṣùgbọ́n ó ti ta àlùbọ́sà ní Sábó Ifẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kó tó padà sílé. Mi ò mọ̀. Oṣù kejì tí mo dé, tí mo ti ń fi Háúsá tí kò já gaara tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ èèyàn, ewúrẹ́ kan dúró sáàárín ọ̀nà níwájú mọ́tò wa. Sání yọ orí síta, ó pariwo mọ́ ọn ní Yorùbá pé, "Kúrò lọ́nà, aláìgbọ́ràn yìí!" Mo bú sẹ́kún. Sání rò pé ewúrẹ́ ló ń ṣe mí láàánú.

Àárò ilé kì í bá èèyàn níbi tó ti ń retí rẹ̀. Mo ti rò pé oúnjẹ ni yóò jẹ́, tàbí Kérésìmesì. Àṣé ìkíni ni. Ní Ifẹ̀, tí mo bá jáde nílé wa ní Ilare tí mo fẹ́ ra ìṣáná, mo ti kí èèyàn mẹ́wàá kí n tó dé ibẹ̀, méjì nínú wọn yóò sì bi mí pé ìgbà wo ni mò ń lọ́kọ. Inú máa ń bí mi. Ní Nìjẹ, àwọn náà ń kí èèyàn, wọ́n tilẹ̀ ń kí i ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n mi ò mọ ìdáhùn. Wọ́n á bi mí nípa ara mi, ilé mi, àárẹ̀ mi, ooru, èmi á kàn máa sọ pé "dáadáa, dáadáa" bí ayékòótọ́. Orúkọ tí wọ́n fún mi lábúlé ni Àlejò. Èmi, ọmọ Ifẹ̀!

Salámátù ló kọ́kọ́ pè mí bẹ́ẹ̀. Opó ni, ó ń fi oko kan ṣoṣo bọ́ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ mẹ́rin àti ìyá wọn. Ìwọ̀nba eegun ni, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú. Èmi ni mo yàn án pé orí oko rẹ̀ la ó ti gbin irúgbìn tuntun iléeṣẹ́ kí àwọn yòókù lè wá wò ó. Ó gbà. Kí ọjọ́ gbígbìn tó pé, ọ̀gá wa tún ní kí a lọ gba irúgbìn àbáláyé lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ fún Ilé Tútù. Ẹ̀kúnwọ́ méjì lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ti tó.

Mo sọ ohun tí mo bá wá, Sání túmọ̀ rẹ̀. Salámátù wọlé, ó gbé akèrègbè kan jáde tí wọ́n fi amọ̀ dí lẹ́nu. Jéró wà nínú rẹ̀, ó ti fi eérú pò ó nítorí kòkòrò. Jéró onírùngbọ̀n ni: irun gígùn máa ń wà lára orí rẹ̀ lóko, ẹyẹ kì í lè ṣá a jẹ. Ìyá rẹ̀ ló kó o fún un nígbà tó ń lọ sílé ọkọ. Ó lóṣòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé gbogbo akèrègbè náà fún mi.

Sání rọra sọ ọ́ ní Yorùbá pé, "Àǹtí, ẹ bu díẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ dá akèrègbè padà fún ìyá."

Inú bí mi sí i. Ní Ilare tí wọ́n ti tọ́ mi, bí àgbà bá gbé nǹkan fún ọ, tí o bu díẹ̀, tí o ní kó máa mú ìyókù lọ, o ti wo inú ilé rẹ̀, o ti wo ìdí ìkòkò rẹ̀, o ti sọ fún un pé kò ní. Ìwọ̀sí gbáà ni. Ọwọ́ méjèèjì la fi ń gbà á, a ó kúnlẹ̀, a ó dúpẹ́ títí a ó fi dé ọ̀ọ̀dẹ̀. Mo gba akèrègbè, èmi náà kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ sínú iyanrìn. Salámátù wò mí, ó wo Sání, ó tún wò mí. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo rò pé ìwà ọmọlúàbí mi ló wú u lórí.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i. Ìwé iléeṣẹ́ sọ pé bí ilẹ̀ bá ti rin dé ìwọ̀n báyìí, kí a gbìn. Mo ki ọwọ́ bọlẹ̀, ó rin dé ibẹ̀. Mo kó irúgbìn tuntun, mo dé oko Salámátù.

Ó wo ojú ọ̀run. "Àlejò, èyí kì í ṣe òjò. Ó kàn yà kí wa ni."

Mo ní, "Màmá, ìwé ti sọ ọ́."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, kì í ṣe ìwé nìkan. Ní Ifẹ̀, tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, tí a gbin àgbàdo, ta ló ń béèrè bóyá òmíràn ń bọ̀? Yóò bọ̀. Yóò bọ̀ títí yóò fi sú ọ, títí aṣọ kò fi ní gbẹ lórí okùn. Ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ní ń sọ pé kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Mo fi òjò Ifẹ̀ wọn òjò Nìjẹ. Salámátù sì gbà pẹ̀lú mi, nítorí àlejò ni mí, ó sì ti ṣèlérí. A gbìn ín.

Ó hù dáadáa o! Ọ̀gá wa wá, ó ya fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fún wa lówó. Wọ́n yìn mí nínú ìpàdé. Ọ̀gá fẹ́ràn láti máa sọ pé àgbẹ̀ ni aṣíwájú iṣẹ́ yìí. Ìpàdé yẹn náà, kò sí àgbẹ̀ kan níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, òjò kò wá mọ́. Oòrùn jókòó lé wa lórí fún ọjọ́ méjìlá, ohun tó hù gbẹ, atẹ́gùn wá kó iyanrìn gbígbóná bo ìyókù. Nígbà tí mo padà débẹ̀, mi ò mọ ibi tí poro oko bẹ̀rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Salámátù ti wà lẹ́nu géètì iléeṣẹ́ wa. Ó ti fi ẹsẹ̀ rìn láti abúlé, ó jókòó sábẹ́ igi dongoyárò. Kò bínú, kò pariwo. A kíra títí, lẹ́yìn náà ló ní, "Àlejò, mo wá wo jéró mi. Ṣé ara rẹ̀ le?"

Mo ní ara rẹ̀ le, ó wà nínú ilé tó tutù.

Ó ní, "Mo dúpẹ́. Mo fẹ́ mú un lọ sílé."

Mo wo Sání. Sání ò wo ojú mi. Ó ní, "Àǹtí, gbogbo irúgbìn tó ní nìyẹn. Níbí, onílé á gbé gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ fún àlejò, àlejò á fi ìka mẹ́ta bu tiẹ̀, á sì dá a padà. Àlejò ló ń mọ ìwọ̀n. Mo sọ fún yín."

Ilẹ̀ ò lanu kí n kó sínú rẹ̀. Mo ti kúnlẹ̀ kó oúnjẹ opó lọ. Mo tún ti dúpẹ́.

Sání ṣàlàyé ìyókù fún mi nínú mọ́tò. Irúgbìn tuntun ti tán. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni iléeṣẹ́ pín in, nítorí irúgbìn kì í kú nínú ìwé. Àwọn aládùúgbò ní tiwọn, ṣùgbọ́n olúkúlùkù tọ́jú tirẹ̀ fún gbígbìn ẹlẹ́ẹ̀kejì àti ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Tí òjò gidi bá dé, Salámátù yóò kọ́kọ́ lọ bá wọn gbìn lóko wọn, kí wọ́n tó bu irúgbìn fún un bí owó iṣẹ́. Yóò gbin tiẹ̀ gbẹ̀yìn gbogbo ayé, òjò ibẹ̀ kì í sì dúró de ẹni tó gbẹ̀yìn. Kí jéró rẹ̀ padà dé ọwọ́ rẹ̀ kí òjò tó rọ̀, ìyẹn nìkan ló lè là wọ́n.

Mo lọ bá ọ̀gá. Èèyàn dáadáa ni, ó gbọ́ mi títí dé òpin, ó kẹ́dùn, ó di ọwọ́ mi mú. Lẹ́yìn náà, ó fún mi ní fọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá fẹ́ gba irúgbìn nínú Ilé Tútù gbọ́dọ̀ kọ orúkọ yunifásítì rẹ̀ sílẹ̀, àti àkòrí ìwádìí rẹ̀, àti ohun tí àgbẹ̀ yóò rí jẹ nínú rẹ̀. Sí ti ìkẹyìn yẹn, mo kọ ọ́ pé: "Jéró." Ìgbìmọ̀ ni yóò jókòó lé e lórí, àwọn ìgbìmọ̀ sì ti lọ fún ìsinmi àsìkò òjò. Wọ́n ní àkókò yẹn, ẹ̀fọn máa ń pọ̀.

Mo pe màmá mi. Mo rò pé yóò bá mi káàánú ara mi.

"O gba irúgbìn lọ́wọ́ opó? Gbogbo rẹ̀?"

"Mo rò pé ó ṣẹ́kù nínú ilé."

"Ṣé o wò ó?"

"Màmá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n má wo inú ilé onílé."

Ó mí kanlẹ̀. "Mo ní kí o má wò ó. Mi ò ní kí ojú ẹ fọ́. Lọ dá a padà fún olóhun."

"Wọ́n á lé mi níbi iṣẹ́."

"Kí wọ́n lé ẹ. Ṣé ọ̀nà Ifẹ̀ ti dí ni?"

Mo ronú sí i fún ọjọ́ mẹ́rin, kí ẹ má rò pé akin ni mí. Ẹ̀rù bà mí. Ọmọ ẹgbẹ́ mi wà ní Mayfair ní Ifẹ̀ tó ń fi ìwé ẹ̀rí dídára ju tèmi lọ ta káàdì fóònù. Ọjọ́ karùn-ún, ìkùukùu dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ jọ láti ìlà-oòrùn, àwọn èèyàn sì ń pọ́n ọkọ́. Mo wọ kádígàn bí àwọn yòókù, mo wọ Ilé Tútù. Wọ́n ti di díẹ̀ nínú jéró náà sínú ọ̀rá fàdákà, mi ò fọwọ́ kan ìyẹn. Kí ayé ní tiẹ̀ níbẹ̀. Ìyókù ṣì wà nínú àpò bébà lórí pẹpẹ tí wọ́n ti ń gbẹ ẹ́. Kò sí orúkọ Salámátù lára rẹ̀, nọ́ńbà ni. Mo gbé e sínú báàgì mi, mo kí àwọn ẹ̀ṣọ́, mo jáde. Sání wo báàgì, ó wo ojú mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ di bẹ́líìtì yín o."

Òjò gidi bá wa lọ́nà. Ó rọ̀ títí mọ́tò wa fi rì sínú ẹrẹ̀, ọjọ́ kejì la tó débẹ̀. Gbogbo abúlé ti wà lóko. A bá Salámátù lórí oko aládùúgbò kan, ó ń ju jéró sínú ihò fún un. Ó rí wa. Kò sáré wá. Ó gbin poro oníporo tán, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀, kó tó rìn wá bá wa. Ó tú bébà, ó da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi eyín gé ọ̀kan.

"Òun ni," ó wí.

A dorí kọ oko rẹ̀. Èmi ń fi ọkọ́ eléèkù gígùn lu ihò níwájú, òun ń fi ìka mẹ́ta ju irúgbìn sí i lẹ́yìn mi, ó ń fi ẹsẹ̀ bò ó. Kò pẹ́ tó fi ké sí mi. Sání rẹ́rìn-ín kó tó túmọ̀ rẹ̀: "Ó ní kí ẹ má jẹ́ kó jìn tó bẹ́ẹ̀. Ó ní jéró lòun ń gbìn, òun ò sin òkú." Ẹ̀yìn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kán. A gbin gbogbo oko náà kí ilẹ̀ tó gbẹ, n kò sì tíì láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé. Mo ń sọ ọ́ bó ṣe rí.

Lẹ́tà dé lẹ́yìn oṣù kan. Wọ́n ní mo kó ohun ìní iléeṣẹ́ jáde láìgba àṣẹ. Ohun ìní iléeṣẹ́! Mo ka ibẹ̀ sókè fún Sání lẹ́ẹ̀mejì, kó lè gbádùn ẹ̀ dáadáa.

Mo ti wà nílé báyìí, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama kan níṣẹ́ àgbẹ̀ lọ́nà Mayfair. Àwọn ará Ilare ń béèrè pé kí ló dé tí mi ò mú òyìnbó bọ̀ láti Faransé. Òjò ọ̀sán ń rọ̀ lórí páànù wa, kò sẹ́ni tó gbójú sókè wò ó. Èmi á dìde, èmi á lọ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn. Màmá mi á ní kí n wọlé, kí òtútù má mú mi. Mi ò lè ṣàlàyé fún un pé ojú àlejò ni mo fi ń wo òjò ilé baba mi báyìí.

Sání pè mí lẹ́yìn ìkórè. Ó ní Salámátù kórè. Kò pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ebi ò pa wọ́n. Ó ní iléeṣẹ́ ti rán ẹlòmíràn sípò mi, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan, ó sì ti lọ bá Salámátù pé kó fún Ilé Tútù ní irúgbìn. Salámátù wọlé, ó pẹ́ kó tó jáde. Kò gbé akèrègbè kankan dání. Ó fún jéró díẹ̀ pọ̀ láàárín ìka mẹ́ta, ó jù ú sọ́wọ́ ọmọ náà, ó ní gbogbo ohun tí òun ní nìyẹn.

"Irọ́ ló pa, Àǹtí," ni Sání wí. "Mo rí akèrègbè mẹ́ta lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Gbogbo abúlé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí. Tí wọ́n bá ti gbúròó mọ́tò wa, wọ́n á kọ́kọ́ sáré gbé ti wọn pamọ́."

Ó ń rẹ́rìn-ín kíkankíkan. Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín, nítorí ó yẹ ká rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ ni ọkàn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bàjẹ́. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi rán mi sáàárín àwọn èèyàn yẹn pé kí n kọ́ wọn ní ohun tí wọn ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìwà ahun ni mo kọ́ wọn, wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n.